Omi Tí Ayàwòrán Kò Yà

Ìbéèrè kan ti di ẹ̀gún sí mi lọ́kàn láti ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí ti rọ̀, kì í sì í ṣe ẹnu ọ̀mọ̀wé ni ó ti jáde, bí kò ṣe ẹnu àgbàlagbà obìnrin kan tí ó ti ń pàtẹ ẹja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ kí a tó bí mi sáyé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí iṣẹ́ gbé dé ilẹ̀ Japan, ni ó mú àwòrán kan bọ̀ wálé, irú àwòrán gígùn tí a máa ń ká bí ẹní, tí a sì máa ń tú sára ògiri nígbà tí a bá fẹ́ wò ó. Ẹja méjì ni ó wà lára rẹ̀, ẹja kápù tí ìpẹ́ rẹ̀ nípọn, tí a fi yíǹkì dúdú nìkan yà. Ìyá Ẹlẹ́ja, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n ìyá mi, sún mọ́ ọn, ó tún fà sẹ́yìn, ó wò ó títí, ó ní, "Ẹja yìí yè, kò kú, mo rí i lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi dà?" Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn pé, "Bí wọ́n ṣe máa ń yà á lọ́hùn-ún nìyẹn, Mà," ọ̀rọ̀ sì parí lójú tirẹ̀. Kò parí lójú tèmi.

Nígbà tí àlejò ti túká tí ilé sì ti dá, mo padà lọ dúró níwájú àwòrán náà. Òótọ́ ni Ìyá sọ: kò sí ìlà kan ṣoṣo tí a lè tọ́ka sí pé omi nìyí. Síbẹ̀, ìrù ẹja àkọ́kọ́ tẹ̀ sí apá kan bí ẹni pé ìṣàn ń tì í, lẹbẹ ẹ̀kejì sì ṣí sílẹ̀ bí ìgbà tí ẹja bá fẹ́ dúró lójú kan nínú odò tí kò dúró. Ẹ̀yìn wọn dúdú kirikiri. Bí ojú bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà ikùn ni dúdú náà ń ṣá, tí ó ń ṣá, títí tí kò fi sí yíǹkì mọ́, tí ó jẹ́ pé bébà lásán ni ikùn ẹja. Ayàwòrán kò ya ikùn, kò sì ya omi, ohun kan náà ni ó sì fi ṣe méjèèjì, èyí ni pé kò fi ọwọ́ kàn wọ́n rárá. Mo dúró níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, nítorí mo mọ̀ pé Ìyá Ẹlẹ́ja, tí kò lọ ilé ìwé rí, ti fi ìbéèrè kan ṣoṣo kan ìdí iṣẹ́ ọnà odindi orílẹ̀-èdè kan.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ohun tí mo bá rí kà nípa àwọn ayàwòrán ilẹ̀ náà. Dúdú tí èéfín igi páìnì tàbí ti òróró máa ń fi sílẹ̀ ni wọ́n ń kó jọ, wọn a fi àtè tí a sè láti ara awọ ẹran pò ó, wọn a mọ ọ́n ní ọ̀pá kékeré, wọn a sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ yóò bu omi díẹ̀ sójú òkúta pẹlẹbẹ kan, yóò sì máa fi sùúrù lọ ọ̀pá náà nínú omi náà títí yíǹkì yóò fi ṣú bí ó ṣe fẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì onírun tí wọ́n fi ń kọ̀wé ni wọ́n fi ń yàwòrán pẹ̀lú. Bébà wọn a máa fa omi mu, nítorí náà ohun tí ọwọ́ bá ti fà síbẹ̀ ti di ti ibẹ̀, kò sí pípa rẹ́, kò sí títún ṣe. Nígbà tí mo ka èyí ni ó yé mi pé ayàwòrán tí kò ya omi ti fi omi ya gbogbo ohun yòókù, nítorí bí omi bá pọ̀, yíǹkì a di eérú, bí ó bá kéré, a di òru ọ̀gànjọ́.

Hasegawa Tōhaku, tí a bí ní 1539, tí ó sì kú ní 1610, ya igbó páìnì kan tí ó wà ní ilé ìṣúra ńlá ìlú Tokyo títí di òní. Ìkùukùu ti bo igbó náà, ṣùgbọ́n ìkùukùu yìí, tí ó jẹ́ olórí ohun tí à ń wò nínú àwòrán náà, kò ná ayàwòrán ní ẹ̀kán yíǹkì kan. Ní ìlú Kyoto bákan náà, ìwé kíká kan wà tí gígùn rẹ̀ ju mítà 13 lọ, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn méjì: Tawaraya Sōtatsu fi wúrà àti fàdákà ya ẹyẹ ńlá ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí wọ́n ń pè ní tsuru, ọ̀wọ́ lẹ́yìn ọ̀wọ́, bí wọ́n ṣe ń bà àti bí wọ́n ṣe ń fò, Hon'ami Kōetsu sì kọ ewì àwọn àgbà akéwì lé wọn lórí, tí ó fi jẹ́ pé ibi tí ìyẹ́ bá ti ga sókè ni lẹ́tà náà ń ga, ibi tí ọ̀wọ́ ẹyẹ bá ti fọ́n ká ni ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ń fọ́n ká.

Kò sì sí ohun tí wọ́n ń yà lásán. Igi páìnì kì í wọ́wé nígbà òtútù, nítorí náà ẹ̀mí gígùn àti ìdúróṣinṣin ni. Ọparun a tẹ̀ lábẹ́ yìnyín, kò sì ní ṣẹ́. Igi ume, kí òtútù tó lọ rárá ni í tanná. Wọ́n ní ẹyẹ tsuru a máa lo ẹgbẹ̀rún ọdún láyé. Ní ti ẹja kápù, ìtàn kan tí ó ti ilẹ̀ Ṣáínà wá sọ pé èyí tí ó bá lè gun ìtàkìtì omi dé òkè yóò di drágónì, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń ta ẹja aláṣọ sókè ilé ní ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún, kí ọmọkùnrin ilé lè lágbára. Láti 1948 ni ìjọba wọn sì ti sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ ọmọdé, lọ́kùnrin lóbìnrin. Nínú ilé àtijọ́ wọn, ààyè kan wà ní yàrá àlejò tí wọ́n ń pè ní tokonoma, ibẹ̀ ni wọ́n ń ta àwòrán sí. Bí àsìkò bá yí padà, wọn a ká ti àná kúrò, wọn a sì ta ti òní síbẹ̀. N óò tún padà sórí kíká yìí, nítorí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo fò ó dá bí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé, àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Ayàwòrán sọ àbọ̀, ó ya ẹja. Ó fi omi sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ omi. Inú mi dùn sí èrò yìí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí wá a kiri nínú ilé wa, nítorí àwọn kan a máa sọ pé Yorùbá mọ igi gbẹ́, pé kò mọ àwòrán yà. Irú wọn kò tíì dúró lẹ́yìn obìnrin aládìrẹ ẹlẹ́kọ ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n wo bí ó ti ń ti ìyẹ́ adìẹ bọ inú ẹ̀kọ láfún, tí ó ń fi fa ewé ẹ̀gẹ́ àti ẹyẹ sójú aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá dé, aró kò ní wọ ibẹ̀. Nígbà tí a bá ti rẹ aṣọ náà sínú aró èlú tí a sì ti họ ẹ̀kọ kúrò, ohun tí ọwọ́ obìnrin náà ṣe ni yóò kù ní fífẹ́rẹ́, ohun tí kò fọwọ́ kàn ni yóò sì ṣú. Àwọn aláró ilẹ̀ Japan pẹ̀lú ní irú iṣẹ́ yìí, ẹ̀kọ ìrẹsì ni tiwọn, ewéko aró ni wọ́n sì fi ń pa á.

Ibi tí mo ti ń to ọ̀rọ̀ mi báyìí, tí ó ń gún régé, ni ìyá ìyá mi ti dé bá mi, òun tí ó ti lọ sí àjò àrèmabọ̀ tipẹ́tipẹ́, tí n kò sì pè sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹja yíyan ni iṣẹ́ rẹ̀, àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún pàápàá, igi ìdáná sì ni owó rẹ̀ ń bá lọ. Ọkọ̀ a máa já igi náà sí etí ọ̀sà, òkìtì rẹ̀ a sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, níta gbangba, lójú ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà, láìsí ọgbà, láìsí ọdẹ. Ìyá àgbà a ki ọ̀pá kan bọ àárín òkìtì náà, a so màrìwò mọ́ ọn, a so kùùkù àgbàdo kan àti ìkarahun ìgbín kan mọ́ màrìwò. Ó ti pààlè nìyẹn. Mo ṣì ń rí i bí ó ṣe ń fi eyín fa okùn náà le, tí ó ń yí ìkarahun náà títí ẹnu rẹ̀ yóò fi kọjú sí ọ̀nà. Mo bi í léèrè ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ní, bí a ṣe họ kùùkù yìí kúrò lára ọmọ rẹ̀ ni a óò họ olè kúrò lára ohun ìní rẹ̀, bí ìkarahun yìí sì ti ṣófo ni ilé rẹ̀ yóò ṣófo. Mo ní, "Bí ẹni náà kò bá mọ̀ ọ́n kà ńkọ́, Ìyá?" Ó ní, "Ta ni kò mọ̀ ọ́n kà?"

Kò sí ìtì kan tí ó sọnù nínú igi náà rí lójú mi. Nígbà tí igi bá sì tán, ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ni yóò lọ tú ààlè náà, yóò sọ ọ́ sínú ààrò, nítorí ó ní a kì í jẹ́ kí ààlè máa ṣọ́ òfìfo.

Ìwé ni ààlè, gẹ́gẹ́ bí àrokò ti jẹ́ ìwé. Ní 1887, ní London, ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ G. W. Bloxam fi àwọn àrokò tí ó ti ìhà ọ̀dọ̀ wa lọ han àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ èyí tí ọmọ ọba Ìjẹ̀bú kan fi ránṣẹ́ sí ìbátan rẹ̀ kan tí ó wà lẹ́yìn odi: owó ẹyọ mẹ́fà pẹ̀lú ìyẹ́ ẹyẹ kan. Ẹ̀fà ni ó fi fà á mọ́ra. Ìyẹ́, tí àwọn ará ìgbà náà fi ń ro etí, ni ó fi wí fún un pé etí rẹ nìkan ni ọ̀rọ̀ mi lè dé láti ibi tí mo wà, nítorí náà, máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ìkarahun inú omi àti ìyẹ́ ẹyẹ ojú ọ̀run, ìwọ̀nba ohun tí ọmọ ọba náà fi kọ odindi lẹ́tà nìyẹn, ohun tí ó sì wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ kì í sì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó wà lẹ́yìn odi: ibẹ̀ ni Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, fi ṣe ibùdó nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó ní 1851, títí ó fi padà ní 1862, ibẹ̀ náà ni Awùjalẹ̀ Fìdípọ̀tẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, sá wá ní àwọn ọdún 1880, nígbà tí Ìjẹ̀bú kọ̀ ọ́.

Mo wá parí èrò sí ibì kan pé ẹwà àmì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ ohun tí a fi ṣe àmì, pé bí ohun náà bá ti kúrò lójú àwọn ènìyàn, àmì náà ti kú. Kò sì pẹ́ tí mo fi rò pé mo ti rí ẹ̀rí. A wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú ọmọ àbúrò mi kan tí a bí ní Èkó, àgbàlagbà kan nínú ọkọ̀ sì ṣàdúrà fún wa pé ojú oró ni í lékè omi, òṣíbàtà ni í lékè odò, a óò lékè. Ọmọ náà ṣe àmín kíkankíkan. Mo ní kí ó fi ojú oró hàn mí. Ó sì na ọwọ́ sí koríko olódòdó aláwọ̀ àlùkò tí ó bo ẹ̀gbẹ́ omi lọ salalu, èyí tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí rárá, tí ó jẹ́ pé Gúúsù Amẹ́ríkà ni a ti mọ ìbí rẹ̀, tí ó sì wọ omi wa ní àwọn ọdún 1980. Nígbà òjò, koríko náà a dí ọ̀nà mọ́ ọlọ́kọ̀, a dí ojú àwọ̀n mọ́ apẹja, àfi ibi tí iyọ̀ òkun bá dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ti ń kú. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo ní, ẹ wò ó, àdúrà ti di ẹja tí kò lómi.

Ì bá ṣe pé ibẹ̀ ni mo dúró sí, ọkàn mi ì bá ti balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹranko táígà ni ó dojú ọ̀rọ̀ mi dé. Kò sí táígà nínú igbó ilẹ̀ Japan, síbẹ̀ àwọn ayàwòrán wọn yà á láìmọye ìgbà, nínú ìgbẹ́ ọparun, pẹ̀lú ojú iná. Àwòrán tí ó ti Ṣáínà àti Kòríà wá ni wọ́n wò, awọ rẹ̀ ni wọ́n wò; ọ̀gá ńlá Maruyama Ōkyo, tí ó kú ní 1795, kò rí ààyè táígà tí ó fi kún odindi yàrá pẹ̀lú wọn. Àwòrán wọ̀nyẹn kò kú. Mo wá bojú wo ilé. Ta ni ó rí erin ní Ẹ̀pẹ́ lónìí? Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Àwa kò tilẹ̀ rí fìrí rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n tí a bá ki ọba ní erin, orí a sì wú u, a sì mọ ohun tí a ń sọ. Bí ó bá jẹ́ pé rírí ni í mú àmì yè, erin ì bá ti kú nínú oríkì wa tipẹ́tipẹ́.

Kí ni ó wá ń mú un yè? Mo padà sí etí ọ̀sà, sí ìdí òkìtì igi ìyá àgbà, mo sì rí ohun tí mo ti ń fò dá láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tí ń kọjá níbẹ̀ ni ó lè ka ààlè náà, olè pẹ̀lú lè kà á. Kíkà kọ́ ni ó ṣọ́ igi. Ohun tí ó ṣọ́ ọ ni pé àwọn ènìyàn pa àṣẹ rẹ̀ mọ́, títí kan ìyá àgbà tí ó ni ín, tí ó mọ̀ pé ó di dandan fún òun láti tú u ní ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí. Ẹrù kan wà lọ́rùn ẹni tí ó fi àmì sílẹ̀, ẹrù kan sì wà lọ́rùn ẹni tí ó rí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ká àwòrán kúrò ní tokonoma: onílé ń sin àkókò, kò jẹ́ kí òdòdó ume máa tanná lára ògiri nígbà tí ti ìta ti rẹ̀ dànù. Àwòrán tí ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín kò lè di ohun ọ̀ṣọ́ lásán.

Bí mo ti rí èyí tán ni ohun púpọ̀ ní àyíká wa tò lẹ́sẹẹsẹ lójú mi. Ní ilé kéwú, ààfáà a fi tàdáwà kọ ọ̀rọ̀ Kùránì sójú wàláà, ọwọ́ rẹ̀ a sì rẹwà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn tàbí ìdààmú bá dé, wọn a fi omi fọ ìwé náà, wọn a sì fún aláìsàn mu, èyí tí wọ́n ń pè ní hàntú, nítorí a kò kọ ọ́ fún wíwò nìkan. Ewé àkòko pàápàá, ta ni ó máa ń yà á? Orí ni a ń fi í lé. Ẹni tí a bá fi í lé lórí di ìjòyè láti ọjọ́ náà, àwọn ohun tí ó ń ṣe lánàá kò sì ní tọ́ sí i mọ́: kò ní jà lójú pópó, kò ní sọ ọ̀rọ̀ kò-bá-kùn-gbé láàárín ìlú, ẹnu rẹ̀ a ti di ẹnu àgbà. Ewé tútù kan, tí yóò rọ kí oòrùn tó wọ̀, ti paṣẹ fún ènìyàn títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Nítorí náà n kò bá ọmọ àbúrò mi wí mọ́. Àwọn àgbà ọkọ̀ tí wọ́n mọ ojú oró dunjú ńkọ́, àwa tí a mọ̀ pé irun wínníwínní tí ó wà lára ewé rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí omi rí i mú, tí a sì mọ̀ pé òṣíbàtà kò lè lékè odò bí kò ṣe pé gbòǹgbò rẹ̀ di ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ mú ṣinṣin? A mọ gbogbo rẹ̀, a sì ń ṣe àmín sí i níbi ìsọmọlórúkọ, níbi ìṣílé, níbi ìgbéyàwó. Ọ̀sà náà ńkọ́, arẹwà omi tí ó bọ́ bàbá tí ó bọ́ ọmọ? Ìdọ̀tí ọjà wa ni a ń dà sí i. Láti Èkó wá, ìhín ń wa iyanrìn inú rẹ̀ tà, ọ̀hún ń fi iyanrìn dí etí rẹ̀ kí a lè kọ́lé síbẹ̀. À ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a lékè omi, a kò sì gbà pé àdúrà náà bẹ̀ wá ní ohunkóhun padà. Ìmọ̀ wa pé, ojú wa rí i, síbẹ̀ àmì náà ń kú lọ lójú wa, nítorí kò sí ẹni tí ó ń gbọ́ àṣẹ rẹ̀ mọ́.

Mo ti sọ ọ́ nínú ẹbí wa, n óò sì máa sọ ọ́ kiri: nígbà tí a bá tún fẹ́ fi ojú oró àti òṣíbàtà ṣàdúrà fún ọmọ tuntun, kí ẹni tí yóò ṣíwájú àdúrà kọ́kọ́ sọ fún ìjọ ohun tí agbo ilé náà yóò ṣe fún omi lọ́dún náà, ìbáà ṣe kíkó pàǹtí kúrò ní èbúté, ìbáà ṣe kíkọ̀ láti ta ilẹ̀ etí ọ̀sà fún oníyanrìn, kí a sì bi í léèrè ní àyájọ́ ọjọ́ náà bóyá a ṣe é. Bí a kò bá lè ṣèlérí kankan, ẹ jẹ́ kí a wá àdúrà mìíràn ṣe fún ọmọ náà, kí a má fi ohun tí a kò sìn mọ́ búra lé e lórí.